Bàálù kékeré ń sọ̀ kalẹ̀: ká dín agbára ẹ́ńjìnnì kù díẹ̀ ni, àbí pátápátá?

Bí a bá tẹ imú bàálù wálẹ̀ láìdín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kíá ni eré máa lọ sókè. Lórí aago tó ń fi eré hàn nínú bàálù kékeré Cessna 172S, àwọ̀ ewé parí sí 129 nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n eré bàálù). Ibi tó yẹ́lò, ẹ má wọ̀ ọ́ àfi tí afẹ́fẹ́ bá pa rọ́rọ́. Ilà pupa wà ní 163: ẹ má kọjá ẹ̀ láéláé.

Díẹ̀díẹ̀ lèmi fara mọ́. Ẹ́ńjìnnì ò ní tutù lójijì, etí èrò ò sì ní dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ o: ẹsẹ̀ bàtà 6,000, ní 500 níṣẹ̀ẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 12 ni.

Dídín in kù pátápátá dáa tí ibi tá à ń lọ bá ti sún mọ́ jù. Àmọ́ nínú bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní kabúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ (172S ò ní in), yìnyín lè dì sínú kabúrétọ̀ náà. Ẹ kọ́kọ́ tan ooru rẹ̀.