Itọ́ Ẹnì Kan, Èsì Ẹni Méjì

Inú wíwú ló sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Tí mo bá ti mu tíì onímílíìkì láàárọ̀, ó di ọ̀sán kí ara tó rọ̀ mí. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ní kí n ra ike tí wọ́n ń tutọ́ sí, pé wọ́n á fi DNA mi, àbùdá tí mo jogún, sọ oúnjẹ tó bá mi lára mu. Pọ́n-ùn 129. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Alẹ́ Sunday ni èsì dé, ẹ̀wà wà níwájú mi. Mílíìkì ò bá mi mu: mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ojú-ewé ọ̀rá. Wọ́n ní mo ní APOE ε4, ẹ̀yà kan lára àbùdá tí wọ́n ń pè ní APOE, kí n dín ọ̀rá kù. Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, wọ́n ní ẹni tó bá ní i wà nínú ewu Alzheimer, àrùn ọpọlọ tó ń sọ àgbàlagbà di onígbàgbé. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ta ló bi yín? James Watson tó gba Nobel nítorí DNA ní kí wọ́n yọ APOE òun kúrò nígbà tí wọ́n gbé DNA rẹ̀ jáde ní 2007. Wọ́n bi òun.

Èyí tó dùn mí jù: Kẹ́hìndé ni mí. Ẹyin kan ṣoṣo ló pín di èmi àti Táyé, DNA kan náà la ní: èsì mi, èsì rẹ̀ ni. Táyé ń bẹ ní Ìbàdàn, kò tutọ́ sínú ike kankan, ó sì ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun ò fẹ́ mọ ohun tí òun ò lè yí padà. Òun la rán wá tọ́ ayé wò nígbà yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí èmi ni mo lọ tọ́ nǹkan wò fún un, kò sì rán mi.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe àyẹ̀wò náà. Ẹni tó gbé fóònù ní mo ti tẹ "Mo gbà". Níbo? Ojú-ewé 14. Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀, láàárín ọ̀rọ̀ owó ìfiránṣẹ́ àti owó ìdápadà! Mo pariwo títí wọ́n fi gbé mi fún ẹlòmíràn.

"Ẹ kú alẹ́, mà."

Ọmọ wa ni! Ogójì ìṣẹ́jú ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ìwádìí ọlọ́dún gbọọrọ tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn fi hàn pé ọwọ́ ε4 yìí ò le lára Yorùbá tó bó ṣe le lára òyìnbó. Ó rọ̀ mí lọ́kàn. Mo ní kí ló dé tí ìyẹn ò sí nínú èsì mi. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Mà, èmi náà ti bi wọ́n."

Ọjọ́ kejì ló bá mi pa gbogbo àkọsílẹ̀ mi rẹ́. Wọ́n ní itọ́ mi náà ti dànù. Mi ò kúkú sí níbẹ̀.

Mo ti fi mílíìkì sílẹ̀, inú mi ti rọ̀ wọ̀ọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.

Táyé pè lánàá, ó ní kí ni àyẹ̀wò yẹn wí. Mo ní kó yéé mu mílíìkì.