Afinimọ̀nà tí a gbà fún ọjọ́ kan ní Salvador: ohun tí ojú èmi àti màámi rí

Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni màámi fi jókòó níwájú èbúté Salvador, orúnkún ń ro wọ́n, kí ẹni tí mo ti sanwó fún tó yọjú. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń bá ọkọ̀ òkun lọ sí Bùràsíìlì fún ìsinmi báyìí, ó sì ń wù wá láti rí Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan tó ń bá àlejò ṣètò mọ́tò àti afinimọ̀nà ní Salvador. Ohun tí mo béèrè kò le: mọ́tò kan, èmi àti màámi nìkan, afinimọ̀nà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó máa dúró dè wá lẹ́nu géètì ní aago 8:30 àárọ̀. Mo ṣàlàyé pé ẹni ọdún 76 ni wọ́n, wọn ò lè gun òkè. Ká rí Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tó wà lókè ìlú, ká dé iwájú Casa Branca, ilé òrìṣà àtijọ́ kan, kí màámi jẹ àkàrà. Àkàrà yẹn ṣe pàtàkì sí mi, torí àkàrà ni wọ́n dín l'Abẹ́òkúta fún ọdún mẹ́tàlélógún tí gbogbo wa fi ka ìwé. Ọ́fíìsì ní kò sí wàhálà. Owó rẹ̀ jẹ́ £260, mo san £100 sílẹ̀.

Bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ òkun fúnra rẹ̀ ń ṣètò kò bá wa lára mu, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀, kì í sì í dúró de arúgbó. Àǹfààní tó ní ni pé bí bọ́ọ̀sì tiwọn bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè é. Bí ìwọ tó dá lọ bá pẹ́, wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀. Aago 4:30 ni gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti padà sínú ọkọ̀ wa. Ẹ fi í sọ́kàn.

A ti sọ̀ kalẹ̀ ní aago 8:20. Àwọn tó ń gbé páálí sókè pọ̀, orúkọ wa kò sí lára ìkankan. Mo pe ọ́fíìsì lórí WhatsApp. Obìnrin tó gbé e ní afinimọ̀nà wa ti wà níbẹ̀. Mo ní kò sí. Ó ní ó wà. Mo ya gèlè aláwọ̀ ewé tí màámi wé ránṣẹ́ sí i, kí afinimọ̀nà náà lè fi dá wa mọ̀. Ó fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín dá mi lóhùn.

Nígbà tó di 8:55, bọ́ọ̀sì kékeré kan dé, èèyàn mẹ́fà ti wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ ní ká wọlé. Mo ní àwa nìkan la sanwó fún. Ó fi ìwé hàn mí: èèyàn mẹ́jọ, orúkọ wa ló kẹ́yìn. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà kan tí wọn ò fìgbà kan sọ fún mi: ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ní ṣọ́ọ̀bù òkúta iyebíye. Mo tún pe obìnrin yẹn. Ó ní ibi kan náà ni gbogbo wa ń lọ, kí ló wá kù?

Màámi ní, "Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ ká wọlé, má bá wọn jà nílẹ̀ onílẹ̀." Mi ò wọlé. Mo ṣí lẹ́tà tí ọ́fíìsì kọ sí mi, mo sì kà á sí i létí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé "ẹ̀yin méjèèjì nìkan". Ó dákẹ́. Ó wá ní òun ń rán ẹlòmíràn bọ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló dé nínú mọ́tò kékeré, aago 9:20. Kò wo ojú mi. Ọ̀dọ̀ màámi ló lọ tààrà, ó tẹ̀ ba títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ó ní, "Motumbá."

Màámi ní, "Ó ti tán, ọmọ mi. Dìde."

Wọ́n rò pé ó ní òun túúbá ni! Ìkíni àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ti Bùràsíìlì, ti ìdí Kétu ni "Motumbá", ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tọrọ ìre lẹ́nu àgbà. "Motumbá axé" sì ni èsì rẹ̀ (àṣẹ tiwa ni axé yẹn). Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí màámi gbọ́ fún un, kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní láti kékeré lòun ti ń kí ìyá òun àgbà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bẹ lẹ́nu àwa náà, ó sì súnmọ́ tiwọn tó bẹ́ẹ̀. Ó bẹ màámi kí wọ́n sọ "mo túúbá" sínú fóònù òun, ẹ̀ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Lífítì Lacerda ló fi gbé wa gun òkè, èyí tó ti wà láti 1873, tó ga tó mítà 72. Ó gba orúnkún màámi là. Òkúta tí wọ́n tò sílẹ̀ ní Pelourinho le gan-an fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, àmọ́ ó di apá wọn mú títí a fi dé ìdí ìjọ Rosário dos Pretos, èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ ara wọn kọ́.

Àkàrà wá kàn. Ìyá aláṣọ funfun kan jókòó ní gbàgede Terreiro de Jesus, epo pupa ń hó níwájú wọn, odindi àlùbọ́sà kan wà nínú rẹ̀ kí epo má baà jó. Wọ́n fi ṣíbí onígi po erèé náà títí ó fi fẹ́, wọ́n sì ń dà á sínú epo. Màámi ò wo nǹkan míì, ọwọ́ ìyá yẹn nìkan ni wọ́n ń wò. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ la àkàrà tí wọ́n fẹ́ fi vatapá, ọbẹ̀ kíki kan, àti edé sí i, màámi kígbe pé, "Rárá o! Lásán ni kẹ́ ẹ fún mi." Ìyá náà béèrè bóyá gbígbóná ni wọ́n fẹ́. Ata ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Màámi jẹ mẹ́ta. Wọ́n ní epo pọ̀, àmọ́ ẹni tó pò ó mọ iṣẹ́.

Ní Casa Branca, iwájú la dúró sí. Ilé òrìṣà ni, kì í ṣe ibi ìran, ó sì ti sọ fún wa ká má ya fọ́tò. Ilê Axé Iyá Nassô Oká ni orúkọ ilé náà. Màámi tún un pè ní Ìyá Nàsó, wọ́n ní, "Oyè ààfin Ọ̀yọ́ mà ni!" Ṣọ́ọ̀ṣì ni màámi ń lọ, àmọ́ wọ́n kúnlẹ̀ kí ilé náà kí n tó lè sọ pé kí wọ́n ṣọ́ orúnkún wọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ́fíìsì pe afinimọ̀nà wa pé kó gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù òkúta yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀. Aago 3:40 ló já wa sí èbúté. Ẹ̀rọ amúlétutù mọ́tò rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tutù, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ń há, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn.

Ọ́fíìsì ṣèlérí láti dá £60 padà fún mi nítorí àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo ti kọ. Wọn ò fèsì. Mi ò ní gba ọwọ́ wọn mọ́. Ọmọkùnrin yẹn gan-an ni màá kọ̀wé sí.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5, fún ọmọkùnrin yẹn, kì í ṣe fún ọ́fíìsì.