Àgbéyẹ̀wò: Àkójọ ìjàǹbá Durham Mining Museum, fún ẹni tó ń wá baba ńlá rẹ̀ tó wa èédú

Bí baba ńlá yín bá wa èédú ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkànnì Durham Mining Museum ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀fẹ́ ni. Durham, Northumberland, Cumberland àti ibi tí wọ́n ti ń wa irin ní àríwá Yorkshire ló kó jọ. Ibi ìwakùsà kọ̀ọ̀kan ní ojú-ewé tirẹ̀: ẹni tó ni ín, àwọn ọ̀gá ibẹ̀, àti orúkọ àwọn tó kú síbẹ̀.

Ohun tó mú kí n gbé e lárugẹ ni pé kò mọ sórí àjálù ńlá nìkan. Ibi ìwakùsà Hartley ni ọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń sáré lọ, níbi tí èèyàn 204 ti kú lóṣù Kìíní ọdún 1862, tàbí West Stanley, níbi tí 168 ti kú lọ́jọ́ 16, oṣù Kejì, ọdún 1909. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èjì-èjì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn awakùsà ń kú: òkúta já lù wọ́n láti òkè, tàbí kẹ̀kẹ́ èédú há wọn mọ́ ògiri. Àárín àwọn tí ẹnikẹ́ni ò kọ orin nípa wọn yìí gan-an ni ẹni yín ti lè wà.

Ẹ má fi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Thompson àti Robson pọ̀ bí eṣú ní agbègbè yẹn, bàbá àti ọmọ sì máa ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ mú abúlé àti iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìkànìyàn, kí ẹ wá yẹ gbogbo ibi ìwakùsà tó sún mọ́ abúlé náà wò. Orúkọ iṣẹ́ ń ṣèrànwọ́ gan-an: hewer ló ń gé èédú, putter ló ń ti kẹ̀kẹ́, trapper sì ni ọmọdékùnrin tó ń ṣí ilẹ̀kùn atẹ́gùn. Bí àkọsílẹ̀ bá pe ọmọ ọdún 12 ní hewer, ẹ tún un yẹ̀ wò. Ìnagijẹ náà ń ṣini lọ́nà. Burns Pit ni àwọn ará ìlú ń pe West Stanley, torí náà orúkọ tí ìdílé mọ̀ lè yàtọ̀ sí ti inú ìwé.

Òfin ọdún 1850 ló yan àwọn alábẹ̀wò ìjọba, tó sì mú kí àwọn onílé-iṣẹ́ máa fi ikú tó bá ṣẹlẹ̀ níbi ìwakùsà tó wọn létí. Ohun tó ṣáájú rẹ̀, bíi ìjàǹbá ibi ìwakùsà Felling ọdún 1812, ìwé ìròyìn àti ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa gbára lé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gé tí kò kú kì í sábà sí nínú àkójọ. Ẹni tó fara pa, tó wá kú sílé lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, lè bọ́ kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Àkójọ yìí ń tọ́ka ọ̀nà ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ mú ọjọ́, ọjọ́ orí àti ibi ìwakùsà lọ sí atọ́ka ikú ti GRO, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n pín in, ìgbà tí wọ́n forúkọ ikú sílẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé, nítorí náà ikú ìparí oṣù Kẹta lè wà nínú ìpín oṣù Kẹfà. Atọ́ka àtijọ́ kò ní ọjọ́ orí títí di 1866, àmọ́ tuntun tí GRO fúnra rẹ̀ ṣe ní in. Tí ìwé ẹ̀rí ikú bá dé, ẹ wo àyè ẹni tó mú ìròyìn ikú wá: bí coroner, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ikú òjijì, bá wà níbẹ̀, ìwádìí wáyé. Ọ̀pọ̀ ìwé àwọn coroner ti ṣègbé, torí náà ẹ ka ìwé ìròyìn agbègbè náà fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìjàǹbá. Ibẹ̀ lẹ ti máa ń rí ẹni tó dá òkú mọ̀, bóyá bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n, èyí tí àkójọ kì í sọ.

Ọ̀rọ̀ ibi ìwakùsà Seaham yàtọ̀ díẹ̀. Èèyàn 164 kú níbẹ̀ lọ́jọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1880, ṣùgbọ́n nítorí iná abẹ́ ilẹ̀, wọ́n dí apá kan pa, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó gbé àwọn òkú kan jáde. Ẹ wo ìwé ìsìnkú ọdún 1881 náà.

Scotland kọ́ ni àkójọ yìí dá lé. Ìwé ẹ̀rí ikú tiwọn, láti 1855, máa ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá olóògbé, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.