Àwọ̀n tí bàbá télọ̀ Pánṣẹ́kẹ̀ rán fún mi: ó dáńgájíá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò ló ń dán an wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi pé níbo ni mo ti rí àwọ̀n tí mo fi ń kó zooplankton, èsì yín rèé. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti rán an. Télọ̀ ló rán an, bàbá kan ní Pánṣẹ́kẹ̀ tí iṣẹ́ wọn gan-an jẹ́ bùbá àti ṣòkòtò. Àwọ̀n tí wọ́n ń rán wá láti òkè òkun, dọ́là ni wọ́n ń pe owó rẹ̀, mo sì ti rí iye náà, mo pa fóònù mi dé.

Fún ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ: zooplankton ni àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí wínníwínní tí omi ń gbé kiri, tí wọn kò lágbára àtilúwẹ̀ẹ́ lòdì sí ìṣàn. Àwọn kan wà níbẹ̀ títí ayé wọn, bíi copepod, ẹ̀dá kékeré tó jẹ́ ìbátan edé àti akàn. Àwọn mìíràn, ọmọ akàn, ọmọ edé àti ọmọ ẹja ni, tí wọ́n máa kúrò níbẹ̀ bí wọ́n bá ti dàgbà. Èmi ń kà wọ́n lójú ọ̀sà Èkó, láàárín igi máńgúróòfù tí gbòǹgbò wọn yọ sókè omi, lápá ibi tí odò Ògùn ti ń wọ ọ̀sà. Odò Ògùn kan náà tó ń kọjá lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá ni o. Omi tí a ń ṣépè fún ní Abẹ́òkúta nígbà tó bá kún, òun náà ló ń lọ lé iyọ̀ kúrò nínú ọ̀sà.

Ẹ̀yin lẹ máa ra aṣọ àwọ̀n náà fúnra yín. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ fún àwọn tó ń tẹ àwòrán sára tíṣáàtì ni mo ti rà á. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i. 43T túmọ̀ sí pé fọ́nrán 43 ló wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Tí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan bá nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 80, ihò rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 150. (Ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan.) 77T, tí fọ́nrán tirẹ̀ tínrín ju ìyẹn lọ, ń fún yín ní nǹkan bí 75. Ẹ rí i pé pọliẹ́sítà ni, nítorí náílọ́ọ̀nù máa ń mu omi, ó sì máa ń fà.

Mo ya ohun tí mo fẹ́ sórí páálí: ẹnu rẹ̀ 30 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, gígùn rẹ̀ mítà kan, ìdí rẹ̀ kó kàn gba ọrùn ìgò. Bàbá wo páálí, wọ́n wo ojú mi.

“Àǹtí, irú ẹja wo lẹ fẹ́ fi èyí mú?”

Mo ní ẹja kọ́, oúnjẹ ẹja ni. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọn ò tiẹ̀ tún wo páálí mi mọ́. Wọ́n tẹ́ àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n fi ìka kan di tépù mú ní igun, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká bí ìgbà tí wọ́n bá ń gé síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo wọn ẹnu rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 94 ló jẹ́ yíká, pẹ̀lú àlékún díẹ̀ fún ojú rírán. Iye tí òrùka irin oní-30 tó máa la ẹnu àwọ̀n sílẹ̀ ń fẹ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ojú rírán ni mo torí ẹ̀ ń kọ gbogbo èyí. Abẹ́rẹ́ télọ̀ máa ń lu ihò tó tóbi ju ojú àwọ̀n lọ. Tí wọ́n bá rán an lásán, gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ gbà di ẹnu ọ̀nà tí ohun tí ẹ ń wá á máa gbà jáde. Bàbá yọ abẹ́rẹ́ 14 tó wà lórí máṣínì, wọ́n fi 9 sí i. Wọ́n rán etí méjèèjì pọ̀, wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n ká etí náà sínú ara rẹ̀, wọ́n tún rán an, wọ́n wá fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ gbé e kọjú sí oòrùn, ẹ ò ní rí ìtànṣán kankan níbẹ̀. Mo ti di àwọ̀n olówó gọbọi mú rí tí mo rí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ lójú rírán rẹ̀. Kánfáásì ni bàbá fi ṣe ẹnu tèmi, òwú pọliẹ́sítà ni wọ́n sì fi rán gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀bi kan tí mo ka sí wọn lọ́rùn ni ìlérí. Sátidé tí wọ́n dá fún mi kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ Iléyá ló kún ilẹ̀, aṣọ ẹbí sì máa ń ṣíwájú àwọ̀n ẹlẹ́ja. Ẹ mọ báwọn télọ̀ wa ṣe rí.

Ó yá, ṣé ó ṣiṣẹ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Lásìkò yẹn omi odò kò lágbára mọ́, omi òkun á máa gun ọ̀sà wá, iyọ̀ á pọ̀. Àwọn copepod òkun bíi Acartia àti Paracalanus á dé, pẹ̀lú Sagitta gbọọrọ tó ń pa wọ́n jẹ, àti ọmọ akàn tó ní ẹ̀gún ṣóńṣó lórí. Àwọ̀n 150 ń mú àwọn wọ̀nyí dáadáa. Tí ẹ bá fà á fún mítà 100, omi tó kọjá lẹ́nu rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún lítà méje, bí kò bá ṣáà dí. Ẹ gbé ìgò ìdí rẹ̀ sókè, ẹ máa rí nǹkan funfun tó ń ta, tó dúró, tó tún ta. Copepod nìyẹn. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, nítorí púpọ̀ nínú wọn máa ń sá sísàlẹ̀ tóòrùn bá mú.

Ìgbà òjò ni wàhálà. Òjò á rọ̀ gan-an nínú oṣù kẹfà sí ìkeje, á dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún gbérasọ nínú oṣù kẹsàn-án. Omi ìdídò Ọ̀yán, tó ti wà láti 1983, tún máa ń wọ odò Ògùn. Iyọ̀ á lọ sílẹ̀ títí tí omi ọ̀sà níbẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi odò. Acartia á dín kù, rotifer (ẹ̀dá omi tó sábà máa ń kéré ju copepod lọ) bíi Brachionus àti eégbọn omi Moina á wá láti òkè odò. Púpọ̀ nínú rotifer ni ara wọn tínrín tó láti gba ihò 150 kọjá. Mo fa àwọ̀n náà nínú oṣù kẹsàn-án, ìgò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Mo bu omi ibẹ̀ kan náà sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi aṣọ àwọ̀n 75 lásán sẹ́ ẹ, rotifer ló kún ojú maikirosíkópù.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó máa ń sọ pé òjò pa zooplankton tán. Òótọ́ wà níbẹ̀, ọ̀gbàrá ń gbá púpọ̀ lọ sókun. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi 150 nìkan ṣiṣẹ́ láti January dé December, àwọn tí àwọ̀n rẹ̀ lè mú ló kà, ó wá pè é ní ọ̀sà. Bẹ́ẹ̀ 150 náà kì í ṣe òkú ọjà lójò o. Edé odò ńlá, Macrobrachium vollenhovenii, inú odò ló ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ò lè dàgbà láìrí omi tó níyọ̀ díẹ̀. Àwọ̀n 150 ń mú ọmọ yẹn láìsí ìjọ̀ngbọ̀n.

Ti 75, ẹrẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Omi òjò pọ́n, ó kún fún ewé máńgúróòfù tó ti jẹrà, kò ní pẹ́ tí àwọ̀n á fi dí, tí omi á máa tú padà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má fà á nígbà yẹn. Ẹ wọn 50 lítà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ dà á gba inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Òrùka irin kì í ṣe iṣẹ́ bàbá, wẹ́dà ló ṣe é, ó sì ti dípẹtà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ẹ ní kí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe tiyín. Lẹ́yìn iṣẹ́, omi tí kò níyọ̀ lẹ fi máa ṣan àwọ̀n, abẹ́ òjìji lẹ sì máa sá a sí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún bàbá. Ìlérí ló jẹ ìkarùn-ún. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ ọwọ́. Òmíràn, 77T, wà lọ́wọ́ wọn báyìí. Mo ní kí wọ́n fi ìdajì mítà kún gígùn rẹ̀ kí ojú àwọ̀n tó ń gba omi lè pọ̀ sí i, kó má tètè dí, wọ́n sì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé owó náà.