Erédò Sùǹgbọ́: ẹ mú àwọn ọmọ lọ fojú rí i

Ní Ìjẹ̀bú, kò síbi tó dà bí Erédò fún ọmọ tó fẹ́ràn ìtàn. Odi àti yàrà yìí gùn tó 160 kìlómítà. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró nísàlẹ̀ kó gbójú sókè: amọ̀ pupa, gbòǹgbò igi tó rọ̀ wálẹ̀ bí okùn. Ó wúni lórí gan-an!

Ẹ mú okùn mítà 10 dání, ẹ ta kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi wọn fífẹ̀ yàrà. Eré tó dára jù nìyẹn. Ẹ má lọ lásìkò òjò, ilẹ̀ a máa yọ̀. Bàtà onídè ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gun ògiri, torí amọ̀ a máa ya. Kí ẹ tó wọgbó, ẹ kí àwọn àgbà abúlé, kí ẹ sì ní kí wọ́n fún yín lẹ́ni tó mọ̀nà.