Àgbéyẹ̀wò owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún oníṣòwò kékeré

Fún owó tí a fi ń ra ọjà tà, tí yóò sì padà wọlé láàárín oṣù díẹ̀, àwa tí à ń yá a rí i pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sàn ju báńkì lọ. Fún ẹ̀rọ ńlá tàbí ilé ìtajà, kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń yá ọmọ ẹgbẹ́. Èyí tó bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ti dí ọ̀nà ẹlòmíràn. 

Ẹ ó wọlé, ẹ ó ra ìpín, ẹ ó fowó pamọ́ fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà fọ́ọ̀mù àti oníduúró méjì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń yá ènìyàn ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tó fi pamọ́. Ìlọ́po yìí ló ń tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá ní 100,000 nípamọ́, tí ẹ yá 200,000, wọn ó ti ìfowópamọ́ yín pa títí ẹ ó fi san gbèsè tán. Owó tuntun tó dé ọwọ́ yín kò ju 100,000 lọ, ṣùgbọ́n lórí 200,000 ni ẹ ń san èlé. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti di ìdá 24 lórí owó tuntun náà, àfi iye tí ẹgbẹ́ bá san padà fún yín lórí ìfowópamọ́.

Ẹ tún bi akápò léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé. Ká ní ẹ yá 120,000 fún oṣù 12, ní ìdá 12 lọ́dún. Bó bá jẹ́ orí gbogbo owó tí ẹ kọ́kọ́ gbà ni wọ́n ń kà á sí, èlé yóò jẹ́ 14,400. Bó bá jẹ́ orí èyí tó ṣẹ́ kù lóṣooṣù, tí ẹ sì ń san 10,000 padà nínú owó náà lóṣù kọ̀ọ̀kan, 7,800 péré ni. Ìdá 12 kan náà ni wọ́n pè fún yín o.

Ìgbìmọ̀ yóò fẹ́ rí ìwé títà yín. Èyí tí a kọ lójúmọ́, tí ọjọ́ tí ọjà kò tà náà wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń gbà gbọ́. Èyí tí ènìyàn jókòó kọ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí yíǹkì rẹ̀ rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, òfin 1998 fi gbèdéke sí owó okòwò tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lè yá jáde: ìdá 12.25 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo dúkìá wọn. Èyí tí kò bá tó dọ́là 50,000 kò sí nínú ìṣírò náà, nítorí náà oníṣòwò kékeré ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún jù.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni oṣù àkọ́kọ́: ọjọ́ sísan pé, ọjà kò tíì tà. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí sísan bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì tàbí kẹta, kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn. Bí ẹ bá rí i pé owó kò ní pé, ẹ lọ bá akápò kí ọjọ́ tó kọjá, kí ẹ sì sọ fún oníduúró yín lọ́jọ́ náà gan-an, torí wọ́n lè yọ owó náà nínú ìfowópamọ́ oníduúró náà.