Ohun tí wọ́n fi ń dí ihò inú eegun: èwo ló yẹ kí ẹ sanwó fún?

Eegun ara aláìsàn fúnra rẹ̀, tí wọ́n bù ní ìbàdí, ṣì ni dókítà kọ́kọ́ máa ń gbójú lé. Àmọ́ ó ń fẹ́ ojú abẹ kejì, ó ń dunni, ó sì lè má tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹ ra sẹ̀rámíìkì, ìyẹn ohun líle bí amọ̀ sísun tí wọ́n ń kó sínú ihò náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni bó ṣe ń yára yọ́ sí, nítorí eegun tuntun kì í kánjú.

Calcium sulfate, ìyẹn POP (ti ilé ìwòsàn o, kì í ṣe ti àjà ilé), ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́: Dreesmann ará Jámánì ti ròyìn rẹ̀ ní 1892. Owó rẹ̀ kì í ga, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 12 ó ti yọ́ tán. Ojú abẹ náà a sì máa sun omi nígbà mìíràn.

Hydroxyapatite, tó jọ èròjà inú eegun gan-an, kì í tètè lọ. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Beta-TCP (beta-tricalcium phosphate, àpapọ̀ calcium àti phosphate) máa ń lò tó oṣù 6 sí 18, òun ni màá mú fún ihò lásán tí kò ní kòkòrò. Àdàlù méjèèjì náà wà. Ẹ wo ara páálí: bí hydroxyapatite bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe pẹ́ tó.

Gíláàsì tí wọ́n ṣe fún eegun ni tèmi gan-an. Larry Hench ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní 45S5, ní Yunifásítì Florida ní 1969. Bí omi ara bá kàn án, sodium àti calcium á jáde, ohun tó jọ èròjà eegun á bò ó lójú, eegun á sì lẹ̀ mọ́ ọn. (Wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ sínú ọṣẹ ìfọyín kan fún eyín tó ń kan.) S53P4, gíláàsì mìíràn láti Finland, tún ń sọ ibẹ̀ di ibi tí kòkòrò àrùn kò ti lè gbé. Ẹni tí eegun rẹ̀ ń ṣọyún, irú èyí tó máa ń bá àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde jà, kó béèrè rẹ̀. Síbẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha eegun tó ti kú kúrò, oògùn kòkòrò kò sì yẹ̀.

Gbogbo wọn ló rọrùn láti fọ́, nítorí náà wọn kò lè rọ́pò irin àti ìdè. Ẹni tó bá ní ẹ ó fi tẹlẹ̀ lọ́la, ọjà rẹ̀ ló ń tà. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ bi dókítà iye cc àti bí hóró rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, torí ti eyín kì í ṣe ti itan, páálí tí wọ́n bá sì ti já kò ṣeé dá padà.